Bí a ṣe ń wọn pléè kránkì àti bí a ṣe ń yẹ pírópélà wò lára ọkọ̀ àtijọ́

Ẹni tí ó bá ń wa Peugeot 504, Beetle tàbí Datsun àtijọ́ nílùú Abẹ́òkúta mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà wa, àti pé nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró lójú òkè, kílọ́ọ̀ṣì ni àwọn awakọ̀ mìíràn fi ń gbé e dúró dípò búréèkì. Àṣà yìí ni ó ń jẹ wọ́ṣà ẹ̀gbẹ́ kránkì (ọ̀pá irin tí ó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) run. Bí ẹsẹ̀ bá ti wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó ń ti kránkì kúrò lọ́dọ̀ gíábọ́ọ̀sì, wọ́ṣà tín-ín-rín yẹn nìkan ni ó sì ń dá a dúró. Nítorí náà, kí a tó gbà pé kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wọn pléè kránkì, ìyẹn bí ó ṣe lè rìn síwá-sẹ́yìn tó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní àyè rẹ̀.

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ẹ fi òkúta di táyà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì yọ orí bátìrì, nítorí ọwọ́ yóò sún mọ́ fáànù. Dial gauge (gééjì alábẹ́rẹ́ tí ó ń ka ìrìn kékeré) tí ó ní ẹsẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì ni a ó lẹ̀ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ti Beetle kì í ṣe irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, nítorí náà a ó fi bóòtù de ẹsẹ̀ gééjì mọ́ ọn. Ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kan ojú púlì tí ó wà lẹ́nu kránkì gbọnrangandan, ní ọ̀nà kan náà tí kránkì fi gùn, torí pé bí ó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, irọ́ ni nọ́ńbà tí yóò kà. Láti ojú ihò abẹ́ fúláíwíìlì (àgbá irin ńlá tí kílọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́) ni kí a ti fi irin gbọọrọ rọra ti kránkì sẹ́yìn, kí a yí gééjì sí òdo, lẹ́yìn náà kí a tì í síwájú kí a sì kà á. Ẹ má ṣe fi irin yọ etí púlì; ó máa ń sán.

Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, 0.05 sí 0.25 mílímítà dára, bí ó bá sì ti kọjá 0.30, wọ́ṣà ti jẹ. Ti Beetle há ju bẹ́ẹ̀ lọ: 0.07 sí 0.13 ni, 0.15 sì ni òpin. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ gbà gbọ́ bí ó bá yàtọ̀. Ẹni tí kò ní gééjì lè ní kí ẹlòmíràn máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí òun ń wo púlì. Bí ojú lásán bá rí i tí púlì ń jáde tí ó ń wọlé, ọ̀rọ̀ ti kọjá wíwọ̀n. Bí wọ́ṣà bá já bọ́ sínú sọ́ǹpù (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì), kránkì yóò máa ha búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, àtúnṣe ìyẹn kì í sì í ṣe owó kékeré.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, a lè pààrọ̀ wọ́ṣà aláàbọ̀ òṣùpá yìí láti ìsàlẹ̀, bí a bá ti tú sọ́ǹpù àti ìdérí bẹ́árìn tí ó wà níbẹ̀. Ojú tí ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ́ìlì ni kí ó kọjú sí kránkì. Beetle ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jáde, nítorí ẹ̀yìn fúláíwíìlì ni wọ́ṣà mẹ́ta rẹ̀ wà.

Ariwo “gbàgì” nígbà tí gíà bá wọlé kì í sábà wá láti ọ̀dọ̀ kránkì, pírópélà, ọ̀pá tí ó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí táyà ẹ̀yìn, ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Pẹ̀lú gíà ní nútírà àti búréèkì ọwọ́ lókè, ẹ di pírópélà mú, kí ẹ máa yí i síwá-sẹ́yìn. Bí apá méjèèjì tí kírọ́ọ̀sì (oríkèé onírin pírópélà) so pọ̀ kò bá rìn pọ̀, kírọ́ọ̀sì ti jẹ. Bí wọ́n bá jọ rìn, àyè àárín eyín dífá (gíà tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn) ni, díẹ̀ níbẹ̀ kò sì burú. Kí ojú ìyọ́ pírópélà máa wọlé kí ó sì máa jáde dára; kí ó máa mì sókè-sódò ni kò dára. Ti 504 wà nínú páìpù, nítorí náà ojú kò lè rí i. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ni ó so ó pọ̀, ẹ wo etí ihò bóòtù, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́kọ́ ya.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ wo àyè òfìfo orí kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó jẹ́ 10 sí 20 mílímítà lára Beetle. Bí kò bá sí àyè rárá, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì yóò máa ti kránkì láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.