Ẹ fa tépù kí ẹ tó gbéra
Ẹ̀yin awakọ̀ lobẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbé ẹ̀rọ ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú wọn gíga ẹrù mọ́. Tí ẹskavétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀, bá ti gun orí ọkọ̀, tí apá rẹ̀ ti wálẹ̀, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ń gbẹ́lẹ̀ sì ti jókòó sórí pákó, ẹ fa tépù láti ojú títì dé ibi tó ga jù. Ibi tí apá rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìgbúnwọ́ sábà máa ń ga ju orí kábíìnì lọ, ibẹ̀ gan-an la sì máa ń gbàgbé. Ẹ kọ iye náà sí páálí, kó wà níwájú awakọ̀. Láti Ọ̀jọ́ta dé Fàdéyí ní Èkó, afárá ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ gíga sí lára, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fi wé iye tiyín: wọ́n lè ti da ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lójú títì abẹ́ rẹ̀.

Ṣéènì mẹ́rin fún igun mẹ́rin, ìkarùn-ún fún apá. Ẹ ha ẹrẹ̀ ara tíráàkì, ẹsẹ̀ onírin tí ẹ̀rọ náà fi ń rìn, dànù kó tó gùn ún o. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹrẹ̀ á já, ẹ̀rọ á rọlẹ̀ díẹ̀, ṣéènì á sì dẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn bíi kìlómítà 10, ẹ dúró síbi tó gbòòrò, kí ẹ tún un fún.