Bí a ṣe ń múra ìrìn-àjò ìpẹja walleye àti pike láti Èkó, àti bí a ṣe ń yan irinṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Súrùlérè, Yábàá àti Ẹ̀bùté-Mẹ́tta ni ó ti ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Kánádà báyìí, ẹni tí ó bá sì lọ kí wọn ní ìgbà ooru tiwọn kò ní pẹ́ gbọ́ ìpè láti lọ pẹja ní adágún kan tí títì kò dé. Mo ti jẹ́ ìpè yẹn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọkọ ọmọ mi tí ó ń gbé ní Winnipeg, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Manitoba. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo di ẹrù bí ẹni tí ń kó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ohun tí mo nílò jù lọ, ìyẹn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ, ẹyọ kan péré ni mo mú dání, ọjọ́ kejì ni ó sì bá ẹja lọ. Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni mo ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń gbèrò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀: níbi tí kò sí ìsọ̀, ẹ jẹ́ kí oríṣi ẹrù yín kéré, ṣùgbọ́n kí èyí tí ẹ kò lè ṣe aláìní nínú wọn jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹja méjì tí ẹ ń wá, pike àti walleye. Ẹni tí ó bá ti fi ìwọ̀ mú kúta rí ní ẹnu òkun lẹ́bàá Tarkwa Bay ti mọ ìdajì ìwà pike: ara rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ gùn, eyín rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì máa ń dúró jẹ́ẹ́ kí ó tó ta lu ohun tí ó fẹ́ jẹ. Inú omi tí kò níyọ̀ ni pike ń gbé ní tirẹ̀, ẹ̀bá koríko omi àti abẹ́ ewé òṣíbàtà ni ó sì fẹ́ràn láti ba sí. Èyí tí ó bá dàgbà dáadáa lè gùn ju mítà kan lọ. Walleye kò ní ariwo bẹ́ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹja perch ni í ṣe, ojú rẹ̀ ni a sì fi ń dá a mọ̀, nítorí pé awọ kan wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú rẹ̀ tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti ológbò. Awọ yìí ń jẹ́ kí ó ríran nínú ìṣúdùdù àti nínú omi tí ó rú, níbi tí ojú àwọn ẹja kéékèèké tí ó ń pa jẹ kò ti ràn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àfẹ̀mọ́júmọ́, ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, àti ìgbà tí atẹ́gùn bá ń da ojú omi rú ni ó máa ń jẹun jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ kó ìdààmú bá yín: púpọ̀ nínú àwọn ará Manitoba àti Ontario, ìpínlẹ̀ tí ó múlé tì í, ń pe walleye ní pickerel, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹja kan náà ni ọkọ ọmọ mi ń fi orúkọ méjì pè.

Ìgbà tí ẹ óò lọ ni ó kàn. Omi dídì ṣì máa ń bo àwọn adágún àríwá títí di ìparí oṣù Kẹrin tàbí inú oṣù Karùn-ún, nínú ọ̀pọ̀ ẹkùn ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ontario, ọjọ́ Sátidé kẹta nínú oṣù Karùn-ún ni òfin sì tó gba ènìyàn láyè láti pa walleye, kí ó lè yé ẹyin tán ní àlàáfíà. Nínú oṣù Kẹfà, ẹja méjèèjì ṣì wà níbi tí omi kò ti jìn. Walleye máa ń wà lẹ́nu odò tí ń ṣàn wọ adágún àti nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já wálẹ̀, pike sì máa ń wà ní kọ̀rọ̀ tí koríko pọ̀ sí. Bí oṣù Keje bá ti wọlé, pike ńlá a máa sá fún omi gbígbóná lọ sí ibú. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mú ìdajì kejì oṣù Kẹfà, nítorí ẹja tí ó wà nítòsí etí omi rọrùn láti rí, oòrùn kì í sì í wọ̀ títí di lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun tí ẹ óò fi san gbèsè ìgbádùn náà ni ẹ̀fọn àti kantíkantí. Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀fọn Makoko ti kọ́ òun ní gbogbo ẹ̀kọ́, kí ó dúró dé ibẹ̀ ná. Ẹ ra fìlà alápò tí àwọ̀n rẹ̀ bo ojú àti ọrùn, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fi ìpara DEET tí ń lé ẹ̀fọn pa ara, nítorí ó máa ń jẹ ike, ó sì lè ba okùn ìpẹja àti ìjẹ oníke jẹ́.

Ní ti ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ọmọ Nàìjíríà nílò físà àlejò, owó ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là Kánádà, títẹ ìka àti yíya àwòrán sì jẹ́ 85 dọ́là lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwé àṣẹ ìpẹja. Ní Ontario, ẹni tí kì í gbé ní Kánádà ní irú ìwé àṣẹ tirẹ̀, oríṣi méjì ni ó sì wà: Sport, tí iye ẹja rẹ̀ pọ̀, àti Conservation, tí ó dínwó tí iye ẹja rẹ̀ sì kéré. Nínú ọ̀pọ̀ ẹkùn àríwá ìwọ̀-oòrùn náà, walleye mẹ́rin ni ẹni tí ó ní Sport lè ní lọ́wọ́, ẹni tí ó ní Conservation lè ní méjì, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 46 lọ. Conservation tó gbogbo àlejò, nítorí kò sẹ́ni tí yóò gbé ẹja dídì láti ibẹ̀ wá sí Ìkẹjà. Ẹ rántí pé ìwé àṣẹ Manitoba kò bá Ontario mu. Ní Manitoba, ìwọ̀ tí kò ní ìkọ́ lẹ́nu, ìyẹn ẹ̀gún kékeré tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀ yọ lẹ́nu ẹja, nìkan ni òfin gbà. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú tẹ ìkọ́ náà mọ́lẹ̀, ó ti di ohun tí òfin ń fẹ́. Òfin Ontario sì kọ̀ fún ènìyàn láti gbé ẹja kékeré ààyè tàbí eṣúṣú wọ ìpínlẹ̀ náà láti fi ṣe ìjẹ, nítorí náà, ìjẹ oníke ni kí ẹ gbára lé.

Ọ̀nà wa gba Winnipeg dé Red Lake ní Ontario, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ààbọ̀ nínú mọ́tò, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú tí ń balẹ̀ sórí omi sì ti gbé wa lọ sí ilé tí a dé sí lẹ́bàá adágún. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Beaver ni, ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ fò ní 1947 tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Ìwọ̀n ni ọba nínú ọkọ̀ yìí. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ béèrè iye páùn tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní etí omi. Kílò kan jẹ́ páùn 2.2, ẹ wọn ẹrù yín nílé. Báàgì rírọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, nítorí àpótí líle kò ṣeé tì sí kọ̀rọ̀. Mo mú Ghana-must-go dání nígbà àkọ́kọ́, awakọ̀ náà fẹ́ràn bí ó ṣe rọ̀, ṣùgbọ́n omi wọ inú rẹ̀ títí dé orí ìbọ̀sẹ̀ mi. Ẹ di aṣọ sínú ọ̀rá nípọn kí ẹ tó kó o sínú báàgì èyíkéyìí.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ irinṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó ń ṣòfò sí jù. Ọ̀pá méjì tó ẹnì kan. Ti walleye kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀, kí ó fúyẹ́, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ẹ óò mọ̀ nígbà tí ẹja bá kàn fẹnu kàn án, nítorí walleye kì í fà bí olè, ńṣe ni yóò dà bíi pé ìwọ̀ wúwo díẹ̀ sí i. Ẹ fi rílì kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí, tí nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 2500 sí i, pẹ̀lú okùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ páùn 8 sí 10. Ti pike kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje, kí ó le, kí rílì rẹ̀ jẹ́ 4000, kí okùn rẹ̀ sì jẹ́ okùn híhun tí agbára rẹ̀ jẹ́ páùn 30 ó kéré tán. Ẹni tí ó bá ti ní ọ̀pá tí ó fi ń wá kúta kò nílò láti ra òmíràn fún pike. Kí ó ṣáà rí i pé ó ṣeé já sí méjì tàbí mẹ́ta fún ọkọ̀ òfuurufú. Rílì tí ẹ ti lò lórí ọ̀sà Èkó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun ti wọ ọ̀sà tí ó sì ti níyọ̀, ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ sí i. Ohun tí iyọ̀ ti jẹ nínú kì í hàn títí yóò fi há nígbà tí ẹja ńlá bá ń fà.

Wáyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó wà láàárín okùn àti ìjẹ, ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 30. Eyín pike máa ń gé okùn híhun bí ẹni fi àdá gé koríko, yálà agbára okùn náà jẹ́ páùn 30 tàbí 50. Ẹ mú mẹ́wàá lọ. Kò wúwo ju bébà lọ. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ọ̀pá walleye, nítorí walleye a máa fura sí i, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé pike yóò gé ìwọ̀ díẹ̀ lọ lára ọ̀pá yẹn náà.

Ní ti ìjẹ, walleye kò béèrè ju ìwọ̀ olórí òjé lọ, ìyẹn ìwọ̀ tí a da òjé sí lọ́rùn, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 3 àti 10, pẹ̀lú ìrù oníke rírọ̀ tí ó gùn tó ìka. Ẹ mú ogún sí ọgbọ̀n orí òjé, nítorí òkúta ìsàlẹ̀ omi yóò gbà nínú wọn. Àwọ̀ funfun, àwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn àti àwọ̀ píǹkì tó. Ẹ jẹ́ kí ó fara kan ìsàlẹ̀, ẹ gbé ṣóńṣó ọ̀pá sókè díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó padà bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá ń bọ́ ni ẹja máa ń gbé e. Fún pike, irin tí ó dà bí ojú ṣíbí, tí apá kan rẹ̀ pupa tí ìyókù sì funfun, ni mo fi pa púpọ̀ jù. Mẹ́rin tó. Àwọn ìjẹ olówó ńlá tí wọ́n ya ojú àti ìpẹ́ sí lára, tí mo rà sílẹ̀ láti Èkó, ni mo gbé padà wálé nínú ọ̀rá wọn.

Ẹ má ṣe gbàgbé ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn méjì, nítorí kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó ti ìka bọ ẹnu pike. Ẹ fi ohun ìgé wáyà kún un, èyí tí ó lè gé ìwọ̀ sí méjì bí ó bá wọ ara ènìyàn, nítorí ilé ìwòsàn jìnnà. Inú ẹrù tí a ń fi sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ kó ìwọ̀, ọ̀bẹ àti ẹ̀mú sí, kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ yín ní Ìkẹjà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọ̀sán Sátidé méjì lọ sí etí ọ̀sà ní Badore tàbí Tarkwa Bay, kí ẹ ju ìwọ̀ olórí òjé títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ nílé kì í jẹ àkókò tí a san owó ọkọ̀ òfuurufú fún.

Lórí omi, ẹ wọ ẹ̀wù amúnilèfòó láti ìgbà tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ títí ẹ óò fi bọ́ sílẹ̀. Omi adágún náà tutù nínú oṣù Kẹfà débi pé ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ dáadáa lè má rí apá gbé mọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òru náà tutù; ẹ mú súwẹ́tà, ẹ̀wù òjò àti fìlà onírun. Fóònù wa lásán kò wúlò níbẹ̀, nítorí náà, ẹ yá fóònù sátẹ́láìtì. Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún. Ẹ má ṣe fi ìfun ẹja sílẹ̀ lẹ́bàá ilé, nítorí béárì yóò wá kó o.

Oúnjẹ kò le. Gàrí fúyẹ́, kì í bàjẹ́, ó sì wà ní ìsọ̀ àwọn ará Áfíríkà ní Winnipeg pẹ̀lú ata gígún. Walleye díndín lórí iná ní etí omi ni oúnjẹ ọ̀sán ojoojúmọ́, ẹran rẹ̀ funfun, egungun rẹ̀ kò pọ̀. Bí kì í bá ṣe pé ẹja apò wa wọ ọbẹ̀ dáadáa jù ú lọ, ǹ bá sọ pé ó borí. Pike náà dùn, àmọ́ ó ní egungun tí ó pín sí méjì bí igi kànnàkànnà nínú ẹran rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bó o fún yín, kí ẹ sì dín in jinná dáadáa, nítorí aràn lè wà nínú rẹ̀. Ẹja tí ẹ bá fẹ́ gbé padà sí Winnipeg, ẹ fi awọ díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹran rẹ̀, kí ẹ sì dì í lọ́nà tí aṣojú ìjọba yóò fi lè kà á kí ó sì mọ irú ẹja tí í ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú yóò wá gbé yín, ẹ má ṣe so tíkẹ́ẹ̀tì Èkó mọ́ ọn. Nígbà kejì tí a lọ, kurukuru bo adágún náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a sì jókòó sórí ẹrù wa lẹ́bàá omi fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láàárín àtibọ̀ yín sí Red Lake àti ọjọ́ tí ẹ óò wọ ọkọ̀ padà wálé, kí ẹ sì tọ́jú oúnjẹ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ṣáájú.