Bí mo ṣe kó àkọsílẹ̀ ìlú Jẹ́bà jọ: iye èèyàn, ilẹ̀ àti ìtàn

Iye èèyàn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn ìlú kéékèèké ti máa ń bàjẹ́. Iye tó rọrùn jù láti rí nínú ìkànìyàn 2006 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá iye ará Jẹ́bà, 108,792 ni yóò bá pàdé. Iye gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Mórò nìyẹn, tí Bódè Sáàdù jẹ́ olú ìlú rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 3,272 kìlómítà níbùú lóròó. Igun kan péré ni Jẹ́bà nínú rẹ̀.

Odò Ọya tún pín ìlú náà sí méjì. Apá gúúsù wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Jẹ́bà Àríwá wà lábẹ́ Mọ́kwá, ní Ìpínlẹ̀ Niger, tí ìkànìyàn kan náà fún ní 244,937. Mo ti rí i tí wọ́n ro méjèèjì pọ̀, tí ìlú kékeré sì di ìlú tó ju 350,000 lọ! Iye kan tó wà nínú ìwé fún ìlú náà fúnra rẹ̀ ni 22,411, fún 2007. Mo lò ó, ṣùgbọ́n mo kọ “àfojúbù” àti ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò fi kún un títí dé òní. Láàárín ìkànìyàn 1991 àti ti 2006, Nàìjíríà lápapọ̀ kúrò ní 88,992,220 bọ́ sí 140,431,790, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí ka Jẹ́bà, ńṣe là ń pe Jẹ́bà ní Èkó. Ilé iṣẹ́ pépà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1969 ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí iṣẹ́ bá sì ti kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í dúró.

Ó wá kan ibi tí ìlú wà lórí máàpù. Máàpù orí fóònù fún mi ní 9.13 níhà àríwá àti 4.82 níhà ìlà-oòrùn. Láti sọ ọ́ di ìṣẹ́jú (ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú díguri kan), ohun tó wà lẹ́yìn àmì tó pín nọ́ńbà náà nìkan la ó mú, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 60: 0.13 di 7.8, 0.82 di 49.2. Nítorí náà 9°08′ àti 4°49′ ni mo kọ. Ẹni tó bá kọ 9°13′ ti gbé ìlú náà lọ sókè ní ohun tó ju kìlómítà mẹ́sàn-án lọ, torí ìṣẹ́jú kan lójú máàpù tó 1.85 kìlómítà. Ọ̀nà tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò kò le: mo ṣí àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú. Ìlú gbọ́dọ̀ fara kan omi, erékùṣù gbọ́dọ̀ wà láàárín odò, afárá reluwé sì gbọ́dọ̀ fi erékùṣù náà ṣe àtẹ̀gùn bọ́ sí òdìkejì.

Ìsédò Jẹ́bà wà lókè odò díẹ̀ sí ìlú. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i, ẹ̀rọ mẹ́fà ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan 96.4 mẹ́gáwáàtì, gbogbo rẹ̀ 578.4. Tẹ́ ẹ bá rí 760 níbì kan, ti Kainji nìyẹn, tó wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè.

Nínú ìtàn, Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò tó wá wo Odò Ọya, ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Òpó ìrántí òun àti Richard Lander, arìnrìn-àjò bíi tirẹ̀, wà ní Jẹ́bà, ni wọ́n bá ń kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni Park kú sí. Bussa ló rì sí ní 1806, adágún Kainji sì ti bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Èyí tí mo fún láàyè jù ni ti Dayspring, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń rin ìrìn àjò lórí Odò Ọya. Oṣù Kẹwàá 1857 ni àpáta fọ́ ọ nítòsí Jẹ́bà. William Baikie ló ṣáájú ìrìn àjò náà. Samuel Àjàyí Crowther àti John Glover wà nínú ọkọ̀. Wọ́n pàgọ́ sétí odò fún bí ọdún kan kí ọkọ̀ Sunbeam tó dé. Glover gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó, ó gba Ìlọrin kọjá. Òun náà ló wá di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Glover Hall. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ nípa Jẹ́bà kì í mẹ́nu kan èyí rárá.

Ti reluwé gba kí a fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀. Ojú irin láti Èkó dé Jẹ́bà ní 1909, afárá kò sì parí títí di 1916. Láàárín ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá. Tẹ́nì kan bá wí pé “reluwé sọdá ní 1909” kò parọ́, àmọ́ ẹni tó bá wí pé afárá wà ní 1909 ti ṣi í. Bákan náà ni ti Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà: Jẹ́bà ni ibùjókòó ìjọba rẹ̀ kó tó kó lọ sí Zungeru ní 1902, ṣùgbọ́n Lokoja ni wọ́n ti ka ìkéde ìjọba náà ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 1900.

Mo pín àwọn ère àtijọ́ tí wọ́n fi bàbà tàbí idẹ ṣe síbi tó yẹ wọn: ère tafàtafà wá láti erékùṣù Jẹ́bà, èyí tó jókòó, tó jọ iṣẹ́ Ifẹ̀, ti Tada, abúlé kan létí Odò Ọya, ni. Fún ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1967, n kò kọ “Ìpínlẹ̀ Kwara” síbẹ̀, torí ọdún yẹn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Niger ní tirẹ̀, 1976 ni.