Bí mo ṣe wá irin ẹ̀ṣọ́ tó bá ti àtijọ́ mu lórí òrùlé síléètì kan ní Baltimore

Òòfà ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé gun òrùlé náà. Bolton Hill ní Baltimore ni ilé ọ̀hún wà, wọ́n kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1880. Irú òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán ni, tí òkè rẹ̀ sì tẹ́. Síléètì dúdú, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, ló bo ẹ̀gbẹ́ yẹn, níbi tó sì ti pàdé òkè ni irin ẹ̀ṣọ́ kan, tí wọ́n fi ṣe òrùlé lọ́ṣọ̀ọ́, gbà kọjá. Ìlà kan yọ síta, ìlà kan wọnú, òdòdó kékeré-kékeré sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn kàn fi álúmíníọ́mù pẹlẹbẹ dí ojú ibẹ̀, ó fi ọ̀dà bò ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá tó ni ilé náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ níbí, ti pinnu kí n tó dé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbà ni kí o fi ṣe é o. Bàbà kì í dípẹtà." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gòkè lọ wò ó, mà."

Ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà ló rí, kò tíì rí irin. Òòfà lẹ̀ mọ́ irin gígùn náà gbágbá, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ara òdòdó, ńṣe ló já bọ́. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo yọ ègé kan tó ti tú, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò níbi tí ọ̀dà kò dé. Àwọn àbàwọ́n tó ń dán tó máa ń wà lára páànù tuntun ṣì hàn níbẹ̀, nítorí náà irin tí wọ́n rì sínú síńkì ni. Mo fi ọ̀bẹ ha òdòdó díẹ̀: inú rẹ̀ kò pupa bíi ti bàbà, kò sì rọ̀ bíi ti òjé. Síńkì gidi ni. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyẹn, irin fún ibi tó gùn torí pé ó le, síńkì fún òdòdó torí pé ó rọrùn láti tẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ bàbà parí síbẹ̀. Omi òjò tó bá ti orí bàbà ṣàn sórí síńkì máa ń jẹ ẹ́ ni, gọ́tà ilé náà tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ irin onísíńkì. Ìyá gbọ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Olówó ńlá ló máa wá ba olówó pọ́ọ́kú jẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àdúgbò àtijọ́ tí ìjọba ìlú ń dáàbò bò ni Bolton Hill. A ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ CHAP, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ilé àtijọ́ ní Baltimore, kí a tó fọwọ́ kan ara ìta, ohun tó sì bá ti tẹ́lẹ̀ mu ni wọ́n fẹ́ rí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìrísí irin náà. Ọ̀dà tí wọ́n ti ń kùn lérí ara wọn láti ọdún pípẹ́ wá ti dí gbogbo kòtò tó wà lára rẹ̀. Bí èèyàn bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, tuntun tó máa rọ yóò sanra bí ojú ẹni tó wú. Ọ̀dà náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé, ilé yìí sì dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo fi omi rin ín, mo ha á pẹ̀lẹ́, mo bo imú, n kò sì fi iná sún mọ́ ọn rárá. Lẹ́yìn náà ni mo gé ègé kan ní ìbú, mo gbé ojú ibi tí mo gé lé páálí, mo sì fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e. Mo tún fi okùn wọn gbogbo kọ́nà rẹ̀ kí n lè mọ bí páànù yóò ṣe fẹ̀ tó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Etí tó wà nísàlẹ̀ irin náà, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ẹ̀ṣọ́, ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Òun ló bo orí ìlà síléètì tó ga jù àti àwọn ìṣó rẹ̀. Bí ó bá fi íǹṣì kan péré dín, omi ti rí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba síléètì tuntun tó nípọn. Ti ilé náà kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lọ. Èyí tó bá nípọn jù ú lọ yóò gbé irin náà sókè. Síléètì Peach Bottom ni, láti ààlà Maryland àti Pennsylvania, níbi tí àwọn ará Wales ti wa òkúta débi pé ìlú kan níbẹ̀ ń jẹ́ Cardiff, bíi olú-ìlú Wales. Wọn ò wà á fún òrùlé mọ́, nítorí náà àlòkù ni mo rà.

Páànù tí sísanra rẹ̀ jẹ́ géèjì 24 ni mo lò fún ibi tó gùn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n mẹ́jọ-mẹ́jọ ni oríkèé ti àtijọ́, mo sì gé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ojú èèyàn kì í ka oríkèé, àmọ́ ó máa ń mọ̀ bí wọn kò bá bára mu.

Ti òdòdó, iléeṣẹ́ bíi W. F. Norman, tó ti wà ní ìlú Nevada ní Missouri láti 1898, ṣì ń fi mọ́ọ̀dù àtijọ́ tẹ irú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò. N kò rí èyí tó bá tiwa mu, ni mo bá fi èyí tó dáa jù ṣe mọ́ọ̀dù, mo sì fi jáàkì tẹ síńkì sínú rẹ̀. Síńkì tútù máa ń sán. Bí ó bá gbóná láàárín ọgọ́rùn-ún sí àádọ́jọ dígírì Celsius, ó máa ń gbọ́ràn. Páńẹ́ẹ̀lì bítà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn, nítorí náà hámà kékeré ni mo fi parí etí ewé wọn láti ẹ̀yìn.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi gáàsì jó wọn mọ́ ọn kíákíá." Mo ní rárá: síńkì ń yọ́ ní 419 dígírì, iná gáàsì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Irin gbígbóná àti òjé tí wọ́n fi ń lẹ irin pọ̀ ni a fi jó o, ojú kéékèèké díẹ̀ lára òdòdó kọ̀ọ̀kan, torí pé bí oòrùn bá mú, síńkì máa ń fẹ̀ ju irin lọ ní ìlọ́po méjì.

Pupa bíi ilẹ̀ ni ọ̀dà tí mo bá nísàlẹ̀ pátápátá, òun náà la sì kùn. A fọ òróró kúrò lára páànù, a lo pírámà tí wọ́n ṣe fún síńkì, nítorí pé ọ̀dà olóròóró kì í pẹ́ bó lára rẹ̀. Gọ́tà ló kù báyìí.