Gọ́tà dí, mo di tíṣà nínú ilé ara mi

₦15,000 ni lébìrà méjì gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó kó gọ́tà iwájú ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mi ò tíì ka àpò gààrí tí omi bà jẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n da ẹrẹ̀ sókè, kí ni mo rí? Náílọ́nù píọ̀ wọ́tà àti ti bísíkíìtì, irú èyí tí àwọn ọmọ mi máa ń fi eyín já, tí wọ́n á sì jù nù. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tí kì í ra píọ̀ wọ́tà láyé ẹ̀, yàrá tiẹ̀ lomi wọ̀ jù. Mo kó àwọn ọmọ lọ bá a gbọ́n ọn. Inú ń bí mi, àmọ́ ta ló ń fún wọn lówó ọ̀hún?

Mo ní kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá rà sínú ìwé, kí wọ́n sì máa kó náílọ́nù ẹ̀ sínú àpò. Ìyẹn ò le.

Títa àpò náà ló fẹ́ pa mí. Bàbá tó ń ra náílọ́nù ládùúgbò ní òun ò gba èyí tó tutù tàbí tó ní iyanrìn. A fọ̀ ọ́, a sá a, òjò dé. A tún un sá, ewúrẹ́ tú u ká. Ìyá wọn ní tí mi ò bá gbé pàǹtí mi kúrò, òun á dáná sun ún. Mo ní èéfín náílọ́nù ò dáa fún imú ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣé òórùn ẹ̀ ló wá dáa? Bàbá yẹn fi "mò ń bọ̀ lọ́la" tàn mí fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ìgbà tó dé, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ka ₦400 fún mi.

Àkọ́bí mi ṣí ìwé ẹ̀. "Dádì, ₦5,600 la ná kí àpò yìí tó kún." Mi ò kọ́ ọ o! Orí mi wú.

Ní Ọjà Jagun, ìyá eléwé sọ fún wọn pé látìgbà táwọn ọlọ́mọ́ín-mọ́ín ti ń lo náílọ́nù, ewé òun ń rọ sílẹ̀. Àbúrò àkọ́bí mi ní ká ra ìdì méjì. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ yìí kan náà gba náílọ́nù dúdú lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, fún búrẹ́dì tó ti wà nínú náílọ́nù tẹ́lẹ̀!

Tí mo bá tún máa ṣe é, màá kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ra náílọ́nù kí n tó ní kọ́mọ kó o jọ. Màá sì so àpò náà kọ́ síbi tí ewúrẹ́ ò lè dé.