Bẹ́ǹṣì Kan Ti Tó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Gbé Eré Absurd Amẹ́ríkà Jáde

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùdarí eré pè mí wá wo ìdánrawò rẹ̀ ní New York. The Zoo Story tí Edward Albee kọ ni wọ́n ń ṣe: eré bíi wákàtí kan, òṣèré méjì péré, Peter tó ń kàwé lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà Central Park, àti Jerry, àjèjì tó wá bá a sọ̀rọ̀, tó sì kú sórí ọ̀bẹ tí Peter dì mú ní ìparí. Kí n tó jókòó, mo ti rí ẹ̀rọ tó ń tú èéfín. Mo rí àgò irin mẹ́rin tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Mo rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó ní ó lé díẹ̀ ní dọ́là 4,000. Mo béèrè iye ọjọ́ tí àwọn òṣèré méjèèjì ti fi dánra wò, ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó dùn mí wọra. Mo délé, oorun kò kùn mí, ni mo bá jókòó kọ èyí.

Mo gbà pé ẹ ti ka Beckett àti Ionesco, àwọn tó kọ irú eré yìí ní Paris, ẹ sì mọ̀ pé lámèyítọ́ Martin Esslin ló so orúkọ Absurd mọ́ irú eré yìí, tó ń fi ayé hàn bí ohun tí kò nítumọ̀, nínú ìwé tó kọ ní 1961. Mi ò ní padà sórí ìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ yé ra ohun abàmì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn eré wọ̀nyí kì í ṣe ibi àrà rárá. Ọgbà ìgbafẹ́ ni, pálọ̀ ni, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni, ilé ìdáná ni. Ẹ wo True West tí Sam Shepard gbé jáde ní 1980. Ilé ìdáná ìyá àwọn ọkùnrin méjì kan ni. Ohun kan ṣoṣo tó ṣàjèjì níbẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú wọn ti lọ jí ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì káàkiri àdúgbò, ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ó sì ń fi gbogbo wọn yan búrẹ́dì. Òórùn búrẹ́dì gidi á kan yín nímú lórí ìjókòó. Bí ilé ìdáná yẹn bá ti wọ́ tẹ́lẹ̀, tí ògiri rẹ̀ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni yóò tún ka ẹ̀rọ búrẹ́dì sí nǹkan kan?

Èmi náà ti jẹ gbèsè yìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe The Zoo Story, mo gbé àgò irin ńlá kan kọ́ sókè orí bẹ́ǹṣì, nítorí mo rò pé bí orúkọ eré bá ti jẹ́ ti ọgbà ẹranko, ó yẹ kí ènìyàn rí àgò. Owó tí mo ná lé e lórí tó owó ilé mi fún oṣù méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá àgbàlagbà kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń retí kí àgò yẹn já lulẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun kò gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin náà ń bá ara wọn sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tú u palẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí mo fi dọ́là 40 rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù ló gbé wa dé ìparí.

Ẹ̀kejì, ẹ má da ìdàjèjì pọ̀ mọ́ ìsọdàjèjì. Gẹ̀ẹ́sì ló kó bá wa níbí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, alienation, ni wọ́n fi ń pe méjèèjì. Ìdàjèjì ni ipò ẹni tó wà láàárín ènìyàn tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó ń gbé inú ilé rẹ̀ bí àlejò. Ìsọdàjèjì ni ọgbọ́n ti Bertolt Brecht ará Jámánì: òṣèré á fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tó ń ṣe, kí òǹwòran lè ronú dípò kí ó kàn máa sunkún. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á ka alienation nínú ìwé kan, wọ́n á ní kí Jerry kọjú sí òǹwòran kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á tan gbogbo iná gbọ̀ngàn, wọ́n á gbé pátákó àkọlé jáde. Wọ́n ti ba eré náà jẹ́ nìyẹn. Peter nìkan ni Jerry ní láyé ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá ti fún un ní ènìyàn 99 tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ̀, kò dá wà mọ́, kò sì sí ìdí tí yóò fi kú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà láti Paris. Amẹ́ríkà ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí ibi tí yóò fìdí lé kí Waiting for Godot ti Beckett tó dé. Ní 1922, Eugene O'Neill gbé The Hairy Ape jáde ní òpópónà MacDougal ní New York: Yank, ẹni tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ òkun, ń wá ibi tí wọ́n ti lè ka òun mọ́ ènìyàn kiri, títí ó fi dé ọgbà ẹranko, tó ṣí ilẹ̀kùn fún ìnàkí, tí ìnàkí sì fún un pa. Ní January 1960, gbọ̀ngàn Provincetown Playhouse ní òpópónà kan náà ni Jerry ti jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tó sì ń sọ fún Peter pé ọgbà ẹranko ni òun ti ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ka ti Yank kò ní mọ ọ̀nà jíjìn tí Jerry ti rìn. Ẹ ka The Adding Machine ti Elmer Rice náà, ti 1923, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìṣírò rọ́pò akọ̀wé tó ti fi ọdún 25 ṣírò owó fún wọn.

Àwọn mìíràn tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ má fi orin dí àárín ìdákẹ́jẹ́. Ẹ má gé Who's Afraid of Virginia Woolf? kúrú nítorí pé ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Àárẹ̀ tó mú òǹwòran wà lára ohun tí Albee ń fẹ́. Ọtí ni wọ́n ń mu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí òṣèré máa ṣe bí ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí gidi, bí kò ṣe ní jọ ẹni tó yó ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn. Ní 2004, Albee kọ apá kan sí iwájú The Zoo Story, ó pè é ní Homelife. Láti ìgbà náà, kò gbà mọ́ kí ẹgbẹ́ tó ń fi eré jẹun ṣe The Zoo Story nìkan; àfi kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ tí kì í fi eré jẹun ni ó yọ̀ǹda fún. Mo mọ ẹnì kan tó ti san àsansílẹ̀, tó ti tẹ pósítà 500, kí ó tó gbọ́ èyí. Owó náà kò padà wá. Bákan náà, àwọn tó ń bójú tó ohun tí Albee fi sílẹ̀ kì í gba ìgbàkugbà: ní 2017, ọdún kejì ikú rẹ̀, olùdarí kan ní ìpínlẹ̀ Oregon fẹ́ fi òṣèré aláwọ̀ dúdú ṣe Nick nínú Virginia Woolf, wọ́n sì kọ̀. Ó dùn mí, mo sì ti sọ ọ́ níbi púpọ̀ pé kò tọ́. Síbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó náwó.

Ẹ má sì parọ́ fún òǹwòran. January 1956 ni Godot kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ní Miami, wọ́n sì polówó rẹ̀ bí eré ẹ̀rín tó ti gbajúmọ̀ ní kọ́ńtínẹ́ǹtì méjì. Àwọn ọlọ́lá tó wá rẹ́rìn-ín ń dìde lọ kí eré tó dé ìdajì. Ní November 1957, ẹgbẹ́ òṣèré kan láti San Francisco gbé eré kan náà wọ ẹ̀wọ̀n San Quentin, pé kò sí obìnrin nínú rẹ̀ sì wà lára ìdí tí wọ́n fi yàn án. Ẹlẹ́wọ̀n 1,400 jókòó, wọ́n gbọ́ ọ yé. Wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní dídúró de ẹni tí kò wá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá sọ fún mi pé àwọn ará àdúgbò yín kò kàwé tó, mi ò ní gbà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní 1964, Funnyhouse of a Negro ti Adrienne Kennedy jáde, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ti gbé ní Ghana ṣáájú ìgbà náà. Sarah inú eré náà jẹ́ Ọbabìnrin Victoria, ó tún jẹ́ Patrice Lumumba, olórí ìjọba Congo tí wọ́n pa, irun orí rẹ̀ sì ń rẹ̀ dànù. Ọdún kan náà ni Dutchman ti Amiri Baraka jáde, Clay, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, àti Lula, obìnrin aláwọ̀ funfun, nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, obìnrin náà ń jẹ ápù. Albee wà lára àwọn tó náwó gbé méjèèjì jáde.

Wàyí o, ohun tó ń dùn mí jù: Peter. Gbogbo olùdarí tuntun ló ń wá Jerry. Jerry ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ní ìtàn ajá. Wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹ òṣèré wò fún Jerry, wọ́n á wá ní kí ọ̀rẹ́ ẹnì kan tó ráyè wá jókòó ṣe Peter. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú Peter sì ni òǹwòran ń wò ní gbogbo ìgbà tí Jerry ń sọ̀rọ̀. Jerry sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé òun ti lọ sí ọgbà ẹranko kí Peter tó dá a lóhùn. Ìgbà mẹ́ta yẹn ni gbogbo eré náà. Òṣèré tí kò mọṣẹ́ yóò kàn jókòó de ìkẹta. Òṣèré gidi yóò gbọ́ àkọ́kọ́, yóò rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Yóò gbọ́ èkejì, yóò tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ sí i.

Ẹ wo ìtàn ajá. Ajá ìyá onílé Jerry ń fẹ́ bù ú jẹ nígbàkígbà tó bá ń wọlé. Jerry ra hámbọ́gà fún un; ajá jẹ ẹran tán, ó tún dojú kọ ọ́. Jerry fi májèlé eku sí ọ̀kan. Ajá ṣàìsàn, ó yè. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á wo ara wọn, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ìfẹ́, kò sí ìjà. Ojú ìwé púpọ̀ ni ìtàn yìí, Peter kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Kí ni yóò máa ṣe?

Òṣèré tó ṣe é fún mi nígbà kejì, ọkùnrin bí ẹni 50 ọdún, lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ìbéèrè yẹn nìkan. Ó ní ìkòkò tábà, ó ní awò ojú, bí Albee ṣe kọ ọ́. Ó máa ń nu awò ojú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, bí ẹni tó ń wá nǹkan ṣe. Nígbà tí Jerry dé orí májèlé, ọwọ́ rẹ̀ dúró, awò ojú kan wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ wà nínú èkejì. Kò gbé e wọ̀ mọ́ títí ìtàn fi parí. Ìyẹn ni pé láti ibẹ̀ lọ, kò rí ojú Jerry dáadáa mọ́, ó kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mi ò kọ́ ọ ní èyí. Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló bí i. Dọ́là 4,000 tó ra èéfín lọ́sẹ̀ tó kọjá ì bá ti san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ òṣèré méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kí ó sì ṣẹ́ kù.

Ẹ wá Peter kọ́kọ́. Ẹ wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá Jerry tí yóò bá a mu, kí ẹ tó wá ra bẹ́ǹṣì.

Ẹ ra ọ̀bẹ ìtàgé tó ń wọ inú èèkù rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní alaalẹ́. Nígbà tí ọ̀bẹ bá ti wọ Jerry lára, yóò fi aṣọ ìnujú nu èèkù rẹ̀ kí ọwọ́ Peter má baà hàn lára rẹ̀, yóò sì rán Peter létí ìwé rẹ̀. Peter á padà wá sídìí bẹ́ǹṣì, á mú ìwé náà, á máa fà sẹ́yìn lọ. Ẹ ra ìwé náà ní mẹ́ta, kí èèpo ẹ̀yìn wọn jọra, torí ẹ̀jẹ̀ ìtàgé máa ń ta sí i, kì í sì í kúrò lára bébà.