Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí fèrèsé ilé titun máa jò

Ilé titun, ọ̀dà titun, fèrèsé titun. Òjò kan ṣoṣo tó bá ìjì rọ̀, ilẹ̀ mọ́, ògiri abẹ́ fèrèsé ti wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Onílé á sáré ra sílíkọ́ọ̀nù, á fi yí fèrèsé ká tinú tòde, á tún ibẹ̀ kùn. Òjò mìíràn dé, ibẹ̀ náà ló tún jò. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá, ẹ wá ń bèèrè irú sílíkọ́ọ̀nù tó dára jù.

Kò sí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀. Flashing ni kò sí níbẹ̀: àwo tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ fèrèsé, ìbòrí tó yẹ kó wà lókè orí rẹ̀, àti téèpù tó yẹ kó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ògiri. Nígbà mìíràn ó wà, àmọ́ wọ́n tò ó sódì. Ìyẹn tún burú ju kó má sí lọ, torí omi tó bá ti kó sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Tí ẹ bá bi birikilà, á ní iṣẹ́ ẹni tó kan fèrèsé ni. Ẹni tó kan fèrèsé á ní ti birikilà ni. Àárín àwọn méjèèjì ni omi ń gbà wọlé.

Àṣìṣe kìíní: kí ẹ gbà pé fèrèsé tó dára kì í jẹ́ kí omi wọ òun

Omi á wọ̀ ọ́. Fèrèsé tí à ń fà síwá-sẹ́yìn, wọ́n dìídì ṣe ojú irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó máa gba omi, kó sì tú u síta láti inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà níwájú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin férémù náà, síkúrú àti gúlúù ló mú wọn pọ̀. Oòrùn á fẹ̀ ẹ́, òtútù á sún un kì, tó bá ṣe, igun ìsàlẹ̀ á là tín-ín-rín bí irun. Ojú tó bá sì fún báyẹn, tí kò tó mílímítà 3, omi á máa gùn ún bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà.

Ìjì ló máa ń parí iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń fi agbára bíi 240 Pa (páskà, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń ti ojú ibì kan tó) ti ògiri, agbára yẹn sì tó láti gbé omi dúró ní gíga mílímítà 24. Ìdí nìyẹn tí etí ẹ̀yìn àwo ẹsẹ̀ fèrèsé kò fi gbọ́dọ̀ kéré sí mílímítà 25 níbi tí ìjì ti ń jà. Ìdí nìyẹn náà tí àlàfo àárín férémù àti ògiri fi gbọ́dọ̀ dí pátápátá ní ìhà inú ilé. Afẹ́fẹ́ tí kò bá ríbi gbà wọ yàrá kò ní lè ru omi dání wá.

Ìkejì: kí ẹ gbé fèrèsé lé búlọ́ọ̀kù lásán

Kí fèrèsé tó dé, ẹsẹ̀ ihò ògiri tó máa wọ̀ gbọ́dọ̀ ti dà síta. Ìwọ̀n dígírì 5 ló kéré jù: tí ẹsẹ̀ náà bá jìn ní mílímítà 150, iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bíi mílímítà 13 relẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Lórí búlọ́ọ̀kù, ẹ fi símẹ́ńtì ṣe ìdàgẹ̀rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi ìkunrá adẹ́kun-omi oní-símẹ́ńtì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní mílímítà 150. Lórí ògiri onígi, rọ́bà alálẹ̀mọ́ tàbí páànù tí wọ́n tẹ̀ ní etí mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: etí kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú rẹ̀ á ṣí sílẹ̀.

Igun ni kí ẹ ṣọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gé rọ́bà ní igun kó lè ká dáadáa ti dá ojú abẹ́rẹ́ sí ibi tí omi ń kó jọ sí jù lọ. Rọ́bà tó ń nà wà, igun tí wọ́n ti mọ láti ilé iṣẹ́ náà wà. Ẹ lo ọ̀kan nínú wọn.

Kí fèrèsé tó wọlé, ẹ fi igi àti téèpù dí iwájú àwo náà, ẹ da omi sí i kó ga tó mílímítà 10, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Tí omi bá fà, tàbí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 yìí ni gbogbo ayé ń sá fún, tí wọ́n á wá fi ọ̀sẹ̀ méjì wó ògiri lẹ́yìn náà.

Ẹ tún wo bí ẹsẹ̀ fèrèsé ṣe yọ síta tó. Mílímítà 40 sí 50 ló yẹ kó fi yọ ju ojú ògiri lọ, kí ẹ sì la ojú gọ́tà kékeré sí abẹ́ rẹ̀, tó fẹ̀ tó mílímítà 10, tó sì jìn bẹ́ẹ̀, nítòsí etí iwájú, kí omi lè já bọ́ níbẹ̀ dípò kó máa lá abẹ́ ẹsẹ̀ náà padà sí ara ògiri. Ojú ògiri tí à ń wí ni èyí tí wọ́n ti rẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ń wọ̀n ọ́n láti ara búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á fi yọ ní 30, wọ́n á wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri ní 20, ó ku 10, ọ̀dà á sì dí gọ́tà náà pa.

Ìkẹta: títò sódì

Ẹni tó ń kan páànù òrùlé kì í fi ti ìsàlẹ̀ gun ti òkè. Òun kan náà tó bá dé ìdí fèrèsé, á gbàgbé. Ẹsẹ̀ la ń kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹ̀ lé e, orí ló gbẹ̀yìn. Ti ẹ̀gbẹ́ á gun ti ẹsẹ̀, ti orí á gun ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìgun-ra-ẹni tó dùbúlẹ̀ tó mílímítà 50 ó kéré tán, kí èyí tó dúró lóròó tó 150.

Níbi tí aṣọ adẹ́kun-omi bá wà lára ògiri, orí fèrèsé ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Ẹ fi ọ̀bẹ la aṣọ náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun òkè méjèèjì, ẹ ká a sókè, ẹ fi téèpù há a síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kan fèrèsé, ẹ lẹ téèpù orí mọ́ ara ògiri gan-an, ẹ gbé páànù ìbòrí lé e, kí ẹ tó wá da aṣọ náà bolẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹni tó bá lẹ téèpù orí lé ojú aṣọ ti ṣe àpò ìgbomi. Gbogbo omi tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn aṣọ náà á bọ́ tààrà sórí férémù.

Ìkẹrin, èyí tó ń bí wa nínú: sílíkọ́ọ̀nù níbi gbogbo

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ dí i. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹ dí wọn. Ìsàlẹ̀ níta, níbi tí àwo ti ń tú omi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó dí ìsàlẹ̀ kò dí omi mọ́ta, ó tì í mọ́lé. Omi tó gba igun férémù wọlé á kún inú àwo, kò ní rí iwájú gbà, á gun ẹ̀yìn, á bọ́ sínú ògiri. Ẹ̀yin á wá rí àbàwọ́n, ẹ ó sì tún lọ ra sílíkọ́ọ̀nù sí i. Òògùn ló ń dá àìsàn sílẹ̀ báyìí o.

Ihò wẹ́wẹ́ tó wà níwájú irin ìsàlẹ̀ ńkọ́? Birikilà á fi símẹ́ńtì dí i nígbà tó ń rẹ́ etí fèrèsé, ẹni tó ń kun ilé á fi ọ̀dà dí èyí tó kù, onílé tó rò pé kòkòrò ń gba ibẹ̀ wọlé á fi sílíkọ́ọ̀nù parí rẹ̀. Ẹ mú igi ìṣáná, ẹ tì í bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rọ omi ife kan sínú irin náà kí ẹ sì wo iwájú: kó tó ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó ti máa jáde. Tó bá dúró bí omi adágún, ẹ ti rí ibi tí ilé yín ti ń jò láìná kọ́bọ̀.

Bí wọ́n bá sì tilẹ̀ lo sílíkọ́ọ̀nù síbi tó yẹ, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń lò ó burú. Wọ́n á fún un bí ọṣẹ ìfọyín sí igun láàárín férémù àti ògiri, wọ́n á fi ìka rẹ́ ẹ, ó parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ògiri kí ọdún tó yí po. Àlàfo náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6 ó kéré tán. Ẹ ki okùn fóòmù tó tóbi ju àlàfo lọ díẹ̀ bọ inú rẹ̀ (àlàfo 10, okùn 12 tàbí 13), kí ẹ tó fún sílíkọ́ọ̀nù lé e lórí, kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ bí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀. Okùn yẹn kì í ṣe láti dín owó kù. Òun ni kì í jẹ́ kí sílíkọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Tó bá lẹ̀ mọ́ ojú méjì péré, á máa nà, á máa sún kì bí rọ́bà. Tó bá lẹ̀ mọ́ mẹ́ta, á fà ya.

Irú rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó ń gbẹ, ásíìdì ló ń tú jáde, kì í sì í lẹ̀ mọ́ símẹ́ńtì pẹ́. Èyí tí kò ní òórùn kíkan yẹn ni kí ẹ lò lára ògiri. Ẹ sì nu eruku kúrò. Símẹ́ńtì tó bá ń tú sí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, kò sí ohun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní New Zealand àti ní British Columbia, ní Kánádà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1990 ló jẹrà látinú ògiri wá. Ìwádìí tí ìjọba gbé dìde jáde ní 1998 ní British Columbia, ti New Zealand sì jáde ní 2002. Ògiri tí wọ́n dí pinpin, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n fi dí i, tí omi tó bá wọ̀ ọ́ kò sì ríbi jáde: ohun kan náà tí ẹ ń fi túùbù sílíkọ́ọ̀nù ṣe ní ìdí fèrèsé yín nìyẹn.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké mìíràn nìyí.

Fóòmù tó ń wú: kì í dá omi dúró, afẹ́fẹ́ ló ń dí. Ìhà inú ni kí ẹ fún un sí, kó má sì kún dé inú àwo.

Síkúrú ìsàlẹ̀: ẹ̀gbẹ́ àti orí ni kí ẹ ti de férémù. Ẹni tó bá fi dírílì lu irin ìsàlẹ̀ kọjá ti dá ihò sí àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi dán wò.

Téèpù alálẹ̀mọ́ kì í lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù tí a kò kọ́kọ́ fi práímà, ìkunrá ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kó lẹ̀, kùn. Ẹ fi rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, àtẹ́lẹwọ́ kò tó. Èyí tí wọ́n fi kóólútà ṣe kì í bá rọ́bà PVC rírọ̀ gbé, ńṣe ni wọ́n ń yọ́ ara wọn. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú oòrùn fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó bò ó.

Orí fèrèsé tí kò ní ìbòrí: kí páànù ibẹ̀ fi mílímítà 25 yọ ju fèrèsé lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí etí iwájú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ kí omi lè já bọ́. Ẹ má fi sílíkọ́ọ̀nù dí abẹ́ etí yẹn. Bíi ti ìsàlẹ̀ tí a ti sọ ni: ibi tí omi ń gbà jáde la kì í dí.

Ìkarùn-ún: kí ẹ máa wá ibi tó ń jò láti òkè wá sísàlẹ̀

Họ́ọ̀sì dé, gbogbo èèyàn á gbé e sókè, á fọ́n omi sí gbogbo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jò, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti jò. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ́n omi sí ògiri abẹ́ fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò jò? Ẹ gbé e dé ẹsẹ̀ fèrèsé, ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì, orí, kí ẹ tó wá kan ògiri òkè rẹ̀. Ibi tí ẹ bá wà nígbà tí ẹni inú ilé bá pariwo ni ẹ ó tú wò.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i dájú pé òjò ló ń fà á. Omi tó ń hàn lára gíláàsì lówùúrọ̀ láìjẹ́ pé òjò rọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé ló di omi, flashing kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbàwọ́n tó wà ní igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, àwo tàbí igun férémù ni kí ẹ fura sí. Èyí tó ń sọ̀ láti òkè, ìbòrí ni, tàbí ògiri òkè tó la, tàbí òrùlé pàápàá.

Tó bá jẹ́ pé àwo ni kò sí, fèrèsé á jáde. Ẹ gé símẹ́ńtì ara ògiri ní mílímítà 150 yípo, ẹ yọ fèrèsé, ẹ ṣe ẹsẹ̀ bí a ti wí, ẹ dá a padà. Tó bá jẹ́ orí nìkan ni, ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀: ẹ fi ẹ̀rọ ìgé la ojú tó jìn tó mílímítà 25 sí ògiri lókè fèrèsé, ẹ ki etí páànù bọ̀ ọ́, ẹ dí òkè rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé sílíkọ́ọ̀nù nìkan ló dí ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ lásán ti tó, ẹ gé e kúrò kí ẹ sì dúró de òjò.

Ọ̀dà ló kẹ́yìn, ọ̀dà ni wọ́n sì máa ń kánjú sí jù. Ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 mọ́ ibi tó tutù náà, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dí, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí òógùn bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ dé ike ọ̀dà yín padà.